Ẹ̀pà Oníṣúgà Tí Ìyá Mi Ṣe De Ọjọ́ Ìsọmọlórúkọ

Bí ṣúgà bá ń yọ́ nínú ìkòkò lórí iná èédú, òórùn méjì ló máa ń ní. Èyí àkọ́kọ́ dùn, á máa ta sánsán débi pé àwọn ọmọ aládùúgbò á máa yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Èkejì ni èyí tó máa ń jáde nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jóná, òórùn kíkorò kan báyìí tó máa ń ta ènìyàn nímú, tí ojú á sì máa ṣomi. Àárín òórùn méjèèjì yẹn kò pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn fi ń sín. Inú agboolé wa ní Asawase, ní Kumasi, ni mo ti mọ̀ wọ́n, lábẹ́ páànù tí ìyá mi fi ṣe ilé ìdáná, níbi tí èéfín ti sọ ògiri di dúdú, tí a sì máa ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tó ń ké kéwú ní ẹ̀yìnkùlé. Títí dòní, bí òórùn ṣúgà tó ń yọ́ bá kàn mí nímú, àyà mi á kọ́kọ́ já kí ẹnu mi tó pọ itọ́.

Lánàá, nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ nínú tàkísí ní Bantama, o fà mí sẹ́yìn, o bi mí pé ta ló ni orúkọ tí dẹ́rẹ́bà yẹn fi pe ẹ̀gbọ́n mi. O ní láti ọjọ́ tí o ti mọ̀ wá, o ò rí ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, o ò sì gbọ́ ọ rí pé ó ní ọmọ kan tó wà ní òkè òkun. Mo ní kí o ní sùúrù, torí òun fúnra rẹ̀ ń lọ níwájú wa, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìdúró. Ó dáa, jókòó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀pà oníṣúgà ni, má rẹ́rìn-ín.

O mọ̀ ọ́n, òun náà ni ńkàté kéèkì tí wọ́n ń wé sínú ọ̀rá tà kiri gbogbo ibùdókọ̀ Kumasi. Ìyá mi kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pà oníṣúgà ló ń pè é, bí ìyá tirẹ̀ náà ṣe ń pè é, wàhálà sì dé nìyẹn bí o bá fi tirẹ̀ wé ti inú ọ̀rá. "Èyí tí wọ́n ń tà nígboro yẹn, òkúta ni," á wí, "ẹ máa jẹ ẹ́, eyín yín ni." Òun kò tà á rí láyé rẹ̀. Aṣọ ló ń tà. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ nínú ẹbí wa nìkan ló máa ń ṣe é, ọjọ́ súnà bí gbogbo àdúgbò wa ṣe ń pè é, Yorùbá àti Hausa.

Àṣà ilé wa ni mo fẹ́ sọ fún ọ báyìí, mi ò tíì rí i nílé ẹlòmíràn, kódà nígbà tí mo lọ sí Ìlọrin lọ kí àwọn ará ilé bàbá mi, wọ́n kàn ń wò mí ni. Bí ọmọ bá ti dáyé, ìyá tó bí ìyá ọmọ ló máa ṣe ẹ̀pà oníṣúgà, ní ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ. Bàbá ọmọ á wá bá a, á sọ orúkọ náà sí i létí, yàtọ̀ sí ìyá ọmọ, kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí ààfáà ti pe orúkọ tán, ìyá àgbà á gbé atẹ síwájú. Ẹni tó bá nawọ́, á fi ẹ̀pà sí i lọ́wọ́, á ní, "Lágbájá ní kí o gbà." Orúkọ ọmọ ló máa dá o, kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó gbà á kò sì ní dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà, ọwọ́ ọmọ ló ti máa dúpẹ́. "Lágbájá, o ṣeun." Ọmọ tí kò tíì lè gbé orí ara rẹ̀ dúró! Ìyá mi ní ìdí rẹ̀ ni pé ohun tó yẹ kí ọmọ ènìyàn kọ́kọ́ ṣe láyé ni kó fún ẹlòmíràn ní nǹkan, àti pé ẹni tí ayé bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ayé ti mọ̀ pé ó wá. Bàbá ààfáà wa máa ń sọ pé òun kò rí i nínú ìwé kankan. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, á nawọ́ gba èkejì.

Ẹ̀gbọ́n mi pẹ́ kó tó lóyún. Ó pẹ́ débi pé àwọn ènìyàn ti ń fi ọgbọ́n kí i, wọ́n á kí iṣẹ́, wọ́n á kí ọkọ, wọ́n á wá dákẹ́ níbi tó yẹ kí wọ́n ti kí ọmọ. Ìwọ náà mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ilé ọkọ rẹ̀ wà ní Santasi, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ń gbé pẹ̀lú wọn. Obìnrin náà kì í bú u, kì í lù ú, ṣùgbọ́n ó ní ojú kan tó máa ń fi wo ènìyàn láti orí dé ẹsẹ̀, mo sì kórìíra ojú yẹn bí nǹkan míì. Nígbà tí oyún wá dé, ẹ̀gbọ́n mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí tí ikùn fúnra rẹ̀ fi sọ ọ́. Àfi bí ọmọ náà ṣe múra, tó ní òun ń bọ̀ wálé kí oṣù rẹ̀ tó pé.

Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní ẹ̀bá Bantama ni wọ́n bí i sí. Obìnrin ni. Wọ́n gbé e sínú àpótí onígíláàsì tó ń mú ooru wá, wọ́n fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sí i nímú. Mo rí i. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i, torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Irun rẹ̀ pọ̀, ó dúdú kirikiri, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò mi lọ, ó sì máa ń di ìkúùkù bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí rẹ̀ ní nígbà tó jáde, igbe tó ké ju ara rẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn yẹn sa gbogbo ipá wọn, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró tì í níbẹ̀, ó ń fún omi ọmú sínú ife kékeré, wọ́n ń kán an sí ọmọ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, ìyá mi gbé agbada kaná. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti pè é lórí fóònù ní àárọ̀, mo sì gbọ́ gbogbo ohun tó ń sọ torí pé ohùn rẹ̀ ń jáde bí ti rédíò. "Àna mi, ẹ ò ṣe ní sùúrù díẹ̀? Ọmọ tó ṣì wà nínú gíláàsì!" Ìyá mi ní, "Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kì í wo ibi tí ọmọ wà. Bó bá jẹ́ inú gíláàsì ló wà, a ó pè é kó gbọ́ ọ láti inú gíláàsì." Ó pa fóònù, ó pòṣé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi yà nílé wa bó ti ń lọ sí ilé ìwòsàn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ó sọ orúkọ náà sí i létí. Ọ̀rẹ́ mi, ojú ìyá mi tàn. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó sọ ọ́ fún mi, ó ní, "Lọ bó ẹ̀pà."

Mo bó ẹ̀pà. Yanrìn gbígbóná ló fi yan án, bí wọ́n ṣe ń yan án látijọ́, kí iná má baà mú ẹ̀gbẹ́ kan kó fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ ní tútù. Ó fi asẹ́ sẹ́ yanrìn kúrò, ó da ẹ̀pà sórí atẹ, àwa méjèèjì sì jókòó tì í, a ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á kí èèpo pupa lè bó lára rẹ̀. Nígbà tí a gbé e síta láti fẹ́ ẹ, atẹ́gùn dédé yí padà, gbogbo èèpo náà kọjú sí mi, ó lẹ̀ mọ́ mi lórí, ó lẹ̀ mọ́ mi lójú tó ti làágùn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní mo ti hu irun tuntun, ó ní bóyá èyí ni ọkọ á rí tí yóò fi wá. Nígbà náà, mi ò tíì lọ́kọ, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò fi bá mi ṣẹ̀fẹ̀. Ó da ẹ̀pà sórí pákó, ó fi ìgò rún un, kò jẹ́ kó kúnná, ó fẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé ẹ̀pà ni òun ń jẹ.

Lẹ́yìn náà ló wá gbé ìkòkò ka orí àdògán, ó da ṣúgà sí i ní gbígbẹ. Kì í fi omi sí i. Òfin ìyá mi ni pé bí ṣúgà bá ti dé orí iná, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe òun, bí ọba ìlú bá dé, kó jókòó. Ọmọrogùn ló fi ń rò ó, ó ń rò ó láti ìsàlẹ̀, ó ń rò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ṣúgà kọ́kọ́ di kókó, ó wá ń yọ́, ó di omi, àwọ̀ rẹ̀ ń lọ sí ti oyin. Òórùn àkọ́kọ́ ti gba gbogbo agboolé, mo tiẹ̀ ti gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ kan lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò kí mi. Ó ní, "Ó ti lọ." Mo ní, "Ta ló ti lọ?" bí ẹni tí kò gbédè. Mo kàn ń gbọ́ tó ń mí, mo sì ń gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ké bí ẹni tí iná jó. Mi ò mọ bí mo ṣe gbé fóònù kúrò létí. Ìyá mi kò yíjú padà kúrò nídìí ìkòkò, ó ní, "Ta nìyẹn?" Ó gbé ojú sókè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wò mí, ó sì mọ̀. Mo rí i pé ó mọ̀, torí ọmọrogùn dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe dúró yẹn ni òórùn kejì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

"Gbé ẹ̀pà yẹn wá," ìyá mi wí.

"Màámi..."

"Mo ní gbé ẹ̀pà wá. Ó ń jóná."

Mo gbé e wá. Ó dà á sínú ṣúgà, ó rò ó, ó rò ó. Ó dà á sórí pákó tó ti fi omi ra, ó mú ìgò, ó ń yí i lọ, ó ń yí i bọ̀, títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó mú ọ̀bẹ. Ó gé e ní gígùn, ó gé e ní ìbú, gbogbo ẹyọ rẹ̀ dọ́gba bí ìgbà gbogbo. Inú bí mi sí i! Mo dúró lé e lórí, mò ń rò ó pé irú obìnrin wo rèé, ọmọ ọmọ rẹ̀ kú, ó ń gé ẹ̀pà. Nígbà tó gé èyí tó kẹ́yìn, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti wẹ̀ ẹ́?" Mo ní mi ò mọ̀. Ni ó bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èèpo ẹ̀pà, ó ki etí ìró rẹ̀ bọ ẹnu kí àwọn aládùúgbò má baà gbọ́, ó sì sunkún. Mi ò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà tí bàbá wa kú.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni àwọn ọkùnrin gbé ọmọ náà lọ sin. Àwa obìnrin kì í lọ síbẹ̀, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi wá sílé wa, torí ó ní òun kò lè wọ ilé tí wọ́n ti tẹ́ ibùsùn ọmọ sílẹ̀. Ó jókòó sí yàrá ìyá mi, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri. Omi ọmú rẹ̀ ń dà, ó ti rin aṣọ rẹ̀ gbindingbindin, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún ọmú pé kó dáwọ́ dúró. Àwọn ènìyàn ń wọlé wá kí i. Obìnrin Àsàǹté tó ń gbé ní yàrá kejì sí wa wọlé, ó fi èdè wọn bá a kẹ́dùn, "Dùé, dùé," ó gbá a mọ́ra, ó sì lọ. Àwọn tiwa ni wọ́n jókòó. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ọ̀rọ̀ rere ni, òun náà ni èmi ì bá sọ tó bá jẹ́ ilé ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ, ó gbọ́ ọ, nígbà tó yá ó gbé orí sókè, ó wo obìnrin tó sọ ọ́ gbẹ̀yìn, ó ní, "Kí ni orúkọ omi náà?"

Obìnrin náà ní, "Háà, ọmọ mi, gbàgbé." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo ní kí ni orúkọ rẹ̀?" Ẹni tó tún wọlé lẹ́yìn rẹ̀, ó bi í bẹ́ẹ̀. Àwọn kan rò pé orí rẹ̀ ti fẹ́ dàrú, wọ́n ní kí wọ́n bu omi fún un. Kò sí nǹkan tó ṣe orí rẹ̀. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó lè mọ̀ pé òun bímọ.

Ìyá ọkọ rẹ̀ dé láti Santasi. Ó kí ìyá mi, ó kí i dáadáa, ojú rẹ̀ ti wú. Bó ṣe ń kọjá ló rí atẹ tí ìyá mi fi aṣọ bò, ó ṣí aṣọ náà, ó sì sún sẹ́yìn. "Kí lèyí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ da á fún ewúrẹ́ jẹ. Ọmọ tí a kò sọ lórúkọ, a kì í pè é. Bí ẹ bá pè é, ó máa mọ ọ̀nà ilé, á máa lọ, á máa bọ̀, á sì ba inú obìnrin yìí jẹ́." Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ nínú yàrá. Ó ní, "Màámi, ó lórúkọ. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ." Gbogbo wa wo ọkọ rẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Pè é. Jọ̀ọ́, pè é kí n gbọ́. Bí kò bá sí ẹni tó pè é, kí ni mo bí?" Kò pè é. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà pọ̀ lọ́jà lọ́jọ́ náà, wọ́n kàn ń wo ilẹ̀ ni. Èmi ì bá ti pè é fúnra mi, àbí ẹ̀rù ta ni mò ń bà? Mi ò mọ orúkọ náà ni. Ìyá mi kò sì lè sọ ọ́ lójú ìyá ọkọ nígbà tí bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ ti dákẹ́.

Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá ààfáà lẹ́yìn ìrun àlásárì. Ó jókòó, ó ní, "Ṣé ọmọ náà ké?" Èmi ni mo dáhùn, mo ní ó ké, nọ́ọ̀sì ní igbe rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ọmọ tó bá ti ké, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ. Òun ni Ọlọ́run yóò fi pè é lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀." Ó wá bojú wo atẹ, ó ní, "Ní ti ẹ̀pà yìí, mi ò rí i nínú ìwé." Kò nawọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣàdúrà, ó sì lọ. Ìyá ọkọ dúró kó jáde tán, ó ní, "Ààfáà ti sọ tinú ìwé. Ààfáà kọ́ ló máa bí òmíràn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ilé-kéwú dé. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn. Ta ni yóò pe ọmọdé jọ, tí yóò máa sọ irú èyí fún wọn? Súnà ni wọ́n mọ̀, òórùn ṣúgà ni wọ́n sì ti gbọ́ láti àná. Wọ́n fi wàláà wọn ti ògiri, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ wọn ti mọ́, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Mo fẹ́ lé wọn. Ìyá mi ní, "Fi wọ́n sílẹ̀." Ó gbé atẹ jáde, ó gbé e ka orí àpótí, ó ṣí aṣọ kúrò. Ọmọbìnrin kékeré kan ló wà níwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ìyá mi mú ẹyọ kan, ó la ẹnu, ẹnu rẹ̀ sì wà ní lílà bẹ́ẹ̀. Ohùn kò jáde. Ó tún gbìyànjú. Ọmọ náà ń wò ó, ó ń wo ẹ̀pà, kò gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá dún. Ẹ̀gbọ́n mi ló jáde, ìró àná yẹn náà ló ṣì wà láyà rẹ̀, ó ti gbẹ, ó tún ti rin. Kò wo ìyá ọkọ rẹ̀ tó jókòó ní kọ̀rọ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, kò wo ọkọ rẹ̀. Ó gba ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyá mi, ó tẹ̀ síwájú, ó fi í sí ọmọ náà lọ́wọ́. Ó ní, "Sàlámátù ní kí o gbà."

Ọmọ náà kò ronú. Wọ́n ti kọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní, "Sàlámátù, o ṣeun!" ó ki ẹ̀pà bọ ẹnu, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èmi náà gbọ́ orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó tẹ̀lé e gbà, òun náà dúpẹ́. Àwọn ọmọ Hausa ní, "Sàlámátù, nàgódè." Ọmọ obìnrin Àsàǹté yàrá kejì, tí kì í ṣe ọmọ kéwú, ti fara pamọ́ sáàárín wọn, òun náà ní, "Sàlámátù, mèdáásè." Ọ̀kan pè é, òmíràn pè é, àwọn tó ti gbà tẹ́lẹ̀ fi ọgbọ́n padà sẹ́yìn láti tún gbà, wọ́n sì tún pè é. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ti ń le sí i. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ ṣàrà, kò nù ún, kò dáwọ́ dúró. Ọkọ rẹ̀ náà wá, ó tò sẹ́yìn àwọn ọmọdé, ó na ọwọ́. Ó ní, "Sàlámátù," kò lè parí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró dè é. Ó tún pè é, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà náà ni ìyá ọkọ dìde. Mo sún mọ́ atẹ, torí mo ti pinnu pé bó bá fọwọ́ kan án láti dà á nù, ohun tó bá gbà ni màá fún un. Ó rìn wá pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó dúró níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó na ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Sàlámátù ní kẹ́ ẹ gbà, Màámi." Ó gbà á. Ó ní, "Sàlámátù, o ṣeun." A rò pé ó ti parí. Kò kúrò. Ó tún na ọwọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi mú òmíràn, ó fẹ́ tún sọ ọ́, obìnrin náà mi orí. Ó ní, "Èyí kì í ṣe tirẹ̀." Ó wá sọ orúkọ kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò lò ó rí láti ìgbà tó ti ní i. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbé orí sókè láti ilẹ̀ tó wà, torí òun náà kò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ìyá òun ti sin ọmọ kan rí. Ẹ̀gbọ́n mi pe orúkọ náà, ó ní òun ló ní kí wọ́n gbà, ó sì fi ẹ̀pà sí i lọ́wọ́. Mi ò ní sọ orúkọ yẹn fún ọ, kì í ṣe tèmi láti sọ. Obìnrin náà kò jẹ ẹ̀pà kejì yìí. Ó dì í sí etí ìró rẹ̀, ó padà lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, mi ò sì tún kórìíra ojú rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìyá mi ti kú báyìí, kí Ọlọ́run forí jì í. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣe ẹ̀pà oníṣúgà fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí nínú ẹbí wa, òun náà ló ṣe ti àwọn ọmọ tèmi. Kò bí òmíràn. Wọ́n ní agbè kò fọ́, a dúró, a gbàdúrà, a lọ síhìn-ín lọ sọ́hùn-ún, kò bí òmíràn. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn. Nígbà míì tí mo bá dá wà, mo máa ń rántí ìyá mi nídìí àdògán yẹn, bí inú ṣe bí mi sí i pé ó ń gé ẹ̀pà. Mo rò pé kò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ yé ni. Ó gbọ́ ọ yé jù mí lọ. Ká ní ó jẹ́ kí ṣúgà yẹn jóná, ì bá má sí nǹkan tí ẹ̀gbọ́n mi máa mú dání láti fi pe ọmọ rẹ̀, wọn ì bá sì ti kà á mọ́ àwọn tí kò bímọ rí.

Àwọn ọmọ kéwú yẹn ni kò gbàgbé. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, bí wọ́n bá rí i lójú ọ̀nà, "Ìyá Sàlámátù!" ni wọ́n máa ń kígbe, bóyá ó tún mú ẹ̀pà dání. Àwọn ìyá wọn gbà á lẹ́nu wọn, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan lójú títì, ó dé Santasi. Wọ́n ti di géńdé báyìí, wọ́n ti fọ́n ká Kumasi. Ọ̀kan nínú wọn ló gbé wa nínú tàkísí lánàá. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé ọmọ náà kò sí nínú ilé lọ́jọ́ tó jẹ ẹ̀pà rẹ̀.

Ìwọ náà jókòó tì í, o gbọ́ bó ṣe yíjú sẹ́yìn tó ní, "Ìyá Sàlámátù, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Sàlámátù ńkọ́? Á ti máa lọ sí ilé ìwé gíga báyìí." O sì gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fi dá a lóhùn. Ó ronú díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣírò ọjọ́ orí ọmọ lóòótọ́, ó ní, "Á ti máa lọ."